Ọkọ̀ wa ti di ilé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń wá wa: ẹ gbà wá ní ìmọ̀ràn

Mo kí gbogbo yín o. Olùkọ́ ni mí títí di 2019 tí mo fẹ̀yìn tì ní ẹni 60 ọdún; bàálé mi, tí ó ṣe iṣẹ́ mẹ́káníìkì fún ìjọba, ti ṣáájú mi fẹ̀yìn tì. Ìlú Ọba, níbi tí a ti lọ bá àkọ́bí wa tọ́jú ọmọ tuntun, ni a ti kọ́kọ́ rí káráfáànù, ilé kékeré tí àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n sì fi ń rìn kiri. Nígbà tí a padà dé Ìbàdàn, bàálé mi ra bọ́ọ̀sì àlòkù elérò 18, ó tú àwọn ìjókòó ẹ̀yìn, ó kan bẹ́ẹ̀dì pákó sí i, ó sì wá àyè fún sítóòfù gáàsì àti kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin. Ilé Onítáyà ni àwọn ọmọ-ọmọ wa ń pè é.

A sùn ní Ìkògòsì, níbi tí mo ti ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi gbígbóná, tí mo ki ti òsì bọ omi tútù, ní ojú ibi tí omi méjèèjì ti pàdé. Ó lé ní 30 ọdún tí mo fi ń kọ ọ́ sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìfojú rí i rí.

Ìṣòro wa nìyí. Àkóbọ̀ ni ọmọ wa obìnrin ń gbé, òun àti ọkọ rẹ̀ kì í sì í tètè ti ibi iṣẹ́ dé, nítorí náà àwa ni a ń lọ mú àwọn ọmọ wọn méjèèjì ní ilé ìwé. Bí a bá jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ètò rẹ̀ a dojú rú. Èyí ọkùnrin tí ó wà ní Èkó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti wá kí wa, tí ó jẹ́ pé géètì títì ni òun bá. Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọmọ Àkóbọ̀ wá sùn lọ́dọ̀ wa. Ní ìdájí ọjọ́ kejì tí a fẹ́ dá wọn padà kí a sì kọjá sí Ìdànrè, bàálé mi wá bàtà rẹ̀ títí, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó rí. Ẹsẹ̀ kejì wà nínú àpò ìwé ọmọ-ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, tí ó fi ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ̀ wé e. Ó ní bí Bàbá kò bá rí bàtà wọ̀, wọn kò ní lè lọ. A lọ, ṣùgbọ́n ìrìn náà kò dùn mọ́ mi. A kò sì fẹ́ jáwọ́, nítorí a mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí orúnkún kò ní gbà fún wa mọ́. Báwo ni kí a ṣe pín ọjọ́ wa?

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ìrìn, Mà. Ẹgbẹ́ ọmọ yín ni mí, nítorí náà ẹ má ṣe bínú sí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn òbí tèmi náà ń rìn, kì í sì í ṣe ìrìn wọn ni ó ń dùn mí, bí kò ṣe pé alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìrìn wọn ni mo máa ń gbọ́. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ yín ní oṣù kan ṣáájú, yóò wá ẹni tí yóò máa mú àwọn ọmọ, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.

Bàbá Olùkọ́, Bódìjà:
Ìyáàfin, ẹ fi táàmù pín in. Ìsinmi gígùn láàárín táàmù kẹta àti táàmù tuntun, ti àwọn ọmọ-ọmọ yín ni, àmọ́ kì í ṣe pé kí ẹ jókòó sílé. Ẹ gbé wọn sínú ọkọ̀. Àsìkò òjò ni omi Olúmirìn, tí ń já láti orí àpáta ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, máa ń kún jù, ṣùgbọ́n òkúta rẹ̀ a máa yọ̀, nítorí náà nínú ìpele méje tí ó ní, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ dúró sí pẹ̀lú ọmọdé. Àtẹ̀gùn Ìdànrè, tí ó lé ní 600, ẹ fi í sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fún ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Ní Sátidé lásán, ẹ lè gbé wọn lọ wo adágún Ìyákẹ̀ lórí òkè Adó-Àwáyè, kí ẹ sì padà dé Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà. Ní ti ọmọ yín ní Èkó, ẹ̀yin náà ẹ lọ kí i: ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Mọ́níyà dé Èbúté Mẹ́ta láti 2021.

Alàgbà, Òkè-Àdó:
Èmi kò fara mọ́ ọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti kúrò lọ́jà. Ẹni tí ó bá wá ìmọ̀ràn wá sílé yín lónìí, ta ni yóò bá?

Nọ́ọ̀sì àgbà, Agodi:
Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Alàgbà, ṣùgbọ́n mo ti tọ́jú àìmọye àgbà tí ó jẹ́ pé ìjókòó ojú kan lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ni ó sọ wọ́n di aláìsàn. Ohun tí ó ń ba èmi lẹ́rù yàtọ̀. Mà, bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ mú èyí tí yóò lé ní iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò dání, ẹ má sì jẹ́ kí ìrìn àjò pa ọjọ́ tí dókítà fún yín jẹ. Ẹ má wakọ̀ lóru. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti wọ ọgbà mọ̀lẹ́bí tàbí ilé ìtura tí ó ní géètì. Ẹ má ṣe sùn sí ẹ̀bá ọ̀nà láé.

Ẹni tí ó béèrè:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ìdáhùn yín sókè sí etí bàálé mi lálẹ́ àná. Láàárín táàmù, a kò ní kọjá ọjọ́ mẹ́wàá, a ó sì kọ ọjọ́ tí a ó lọ àti ọjọ́ tí a ó dé sí ara kàlẹ́ńdà tí ọmọ wa gbé kọ́ sí ilé ìdáná rẹ̀, ní oṣù kan ṣáájú. Ọ̀rọ̀ Alàgbà dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí n pe ọmọ mi ní Èkó láàárọ̀ yìí. A ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Mo tún sọ fún ọmọ-ọmọ wa pé a ó jọ lọ sí Ìkògòsì nínú oṣù Kẹjọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun yóò kó bàtà òun wá sínú ọkọ̀ láti ìsinsìnyí.