Wáyà Ìkẹjà sí Ṣakẹ́tẹ́ ti wà láti 2007: kí ló dé tí iná Nàìjíríà àti ti Gánà kì í ṣe ọ̀kan?

Ọmọ Ìpókíá: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Wáyà 330 kV tó gbéra ní Ìkẹjà, tó gúnlẹ̀ sí Ṣakẹ́tẹ́ ní Benin, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 2007. Ti Gánà ti dé Lomé àti Cotonou ṣáájú ìyẹn. Ọjà iná ECOWAS ṣí ní 2018. Kí ló wá dé tí wọ́n ń pín Benin sí méjì, tí apá kan ń jẹ iná Nàìjíríà, tí apá kejì ń jẹ ti Gánà?

Onígíríìdì: Ẹ kú ìbéèrè. Fíríkúẹ́ńsì ni, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (Hz). Kí breaker, ṣíwíìṣì ńlá, tó so gíríìdì méjì (àkópọ̀ wáyà àti ẹ̀rọ amúnáwá) pọ̀, nǹkan mẹ́rin gbọ́dọ̀ bára mu: foltéèjì, fíríkúẹ́ńsì, ìtòtẹ̀léra phase mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (wáyà mẹ́ta tí iná ń gbà), àti igun phase (bí ìgbì iná ìhà kan ṣe ṣáájú ti èkejì). Bí ìhà kan bá wà ní 50.0 Hz, tí èkejì wà ní 50.2, igun yẹn á máa yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ẹ so ó nígbà tí igun ṣí jù, ọ̀pá tọ́báìnì lè lọ́. Synchro-check relay, ẹ̀rọ tó ń wò bóyá ìhà méjèèjì bára mu, wà níbẹ̀ láti dènà ìyẹn.

Àmọ́ àtiso kò le tó àtidúró. Òfin gíríìdì Nàìjíríà ní kí fíríkúẹ́ńsì wà láàárín 49.75 àti 50.25 Hz. Bó bá rọlẹ̀, governor ara tọ́báìnì (ohun tó ń darí eré rẹ̀) ló yẹ kó fi gáàsì tàbí omi kún un kíá. Ẹ̀rọ tó ti ń lo gbogbo agbára rẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ fi kún. Ká ní ẹ̀rọ 220 MW kan ní ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin ní Èkó ṣàdédé já, tí kò sí ìpamọ́ (agbára tí ẹ̀rọ mìíràn lè fi kún un) nílé: iná á rọ́ láti Gánà gba Ṣakẹ́tẹ́ kọjá, wáyà á kún àkúnjù, relay á já a, Lomé àti Cotonou lè bá a ṣubú. Bí wọ́n bá pín in, apá tó ń jẹ iná Nàìjíríà nìkan ló máa ṣókùnkùn.

Oníṣirò Míítà: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé owó. Ẹ ní àdéhùn 100 MW, míítà ẹnubodè ka 80 fún wákàtí kan. 20 MWh kò dé. Bí gíríìdì bá pínyà, òkùnkùn á sọ fún yín. Bó bá so pọ̀, iná ò ní kú. Ẹ̀rọ ẹlòmíràn ní Gánà tàbí Côte d'Ivoire ló pèsè rẹ̀ láìsí àdéhùn kankan. Ta ló máa sanwó, èló sì ni? Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí wáyà tó so: iye MW wákàtí-wákàtí, míítà àkọ́kọ́ àti ti ìfiwéra, iye tí ìwọ̀n wọn lè fi yàtọ̀, owó ìyàtọ̀, onídùúró ní báǹkì. Owó ojú ọ̀nà náà wà fún orílẹ̀-èdè tí iná gbà kọjá. ERERA, àjọ ECOWAS tó ń ṣàkóso ọjà iná, ní Accra ló ń bójú tó ìyẹn. Ti òṣèlú ni kò sí míítà tó lè wọ̀n ọ́n: ní 2023, lẹ́yìn ìfipágbàjọba, Nàìjíríà já iná Niger.

Ọmọ Ìpókíá: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé wọn ò tíì dán ìsopọ̀ náà wò rí ni?

Onígíríìdì: Wọ́n ti dán an wò. Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2025, láti aago 5:04 àárọ̀ títí di 9:04, gíríìdì Nàìjíríà so mọ́ ti ìyókù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iṣẹ́ ńlá ni, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n àárọ̀ Sátidé kì í ṣe aago 8 alẹ́ tí gbogbo ilé tan iná. Alẹ́ ni kí wọ́n tún dán an wò: kí wọ́n kéde iye ìpamọ́ ṣáájú, kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ já ẹ̀rọ kan, ká wo ibi tí fíríkúẹ́ńsì máa dúró sí.