Hóró fíìmù ni àbí noise ẹ̀rọ? Nẹ́gátíìfù bàbá mi ni mò ń skáàn

Ọmọ Onífọ́tò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Nẹ́gátíìfù dúdú-àti-funfun tí bàbá mi yà níbi ìgbéyàwó kan ní Iléṣà ní 1984 ni mò ń skáàn. ILFORD HP5, orúkọ irú fíìmù náà, ló wà létí rẹ̀. Skánà Epson V600 ni mò ń lò, ní 3200 dpi. Agbádá funfun ọkọ ìyàwó kún fún tótòtó bí ẹni da iyanrìn sí i, ìlà tín-ín-rín méjì sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ti ojú ìyàwó ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ní kí n fi sọ́fítíwíà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Èwo ni ti fíìmù (hóró), èwo ni ti ẹ̀rọ (noise, ìyẹn tótòtó tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀)?

Ìyá Darkroom:
Ọmọ mi, má tíì pa nǹkan kan rẹ́ o! Hóró yẹn, fàdákà ni, òun gan-an ló di àwòrán. Tí o bá yọ ọ́, awọ ojú ìyàwó á kàn máa dán ni, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ ni o sì ń yọ.

Kọ́kọ́ pa sharpening (èyí tó ń mú kí etí nǹkan hàn ketekete) àti gbogbo ohun tó ń tún àwòrán ṣe. Skáàn fírémù yẹn lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, má ṣí ìdérí, má sún fíìmù. Ṣí méjèèjì ní 100%, kí o wo ojú kan náà, bí etí fìlà. Tótòtó tí kò bá kúrò lójú kan, ti fíìmù ni. Èyí tó bá yí padà, ti ẹ̀rọ ni. Fàdákà kì í rìn.

Ohun tó funfun lójú ayé ló dúdú jù lójú nẹ́gátíìfù. Iná ò ráyè gba inú agbádá yẹn kọjá dáadáa, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí ẹ̀rọ fi ń gba ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni noise ti ń ráyè. Nínú fọ́tò kámẹ́rà dígítà, inú òjìji la ti ń wá a. Nínú nẹ́gátíìfù, inú funfun ni. Tí o bá rí i, skáàn lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí o ní kí VueScan, sọ́fítíwíà tí a fi ń skáàn, pa wọ́n pọ̀. Noise á dín sí bí ìdajì, fàdákà á wà níbẹ̀ digbí.

Skánà Ìbàdàn:
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Àmọ́ ìdánwò yẹn ò ní mú àwọn ìlà, torí ojú kan náà ni ẹ̀rọ máa ń fi wọ́n sí. Yí fíìmù sí ìbú kí o tún un skáàn. Tí ìlà bá bá agbádá yí, fíìmù ló ha. Tí kò bá bá a yí, nu gíláàsì, pàápàá apá òkè níbi tí ẹ̀rọ ti ń yẹ iná ara rẹ̀ wò. Má sì tan Digital ICE, ohun tó ń pa eruku rẹ́ nínú skánà: infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí, ló fi ń mọ eruku, fàdákà sì ń dí infrared, á máa pa àwòrán jẹ.

Ọmọ Onífọ́tò:
Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Tótòtó ò kúrò lójú kan, àfi díẹ̀ nínú ìṣẹ́po agbádá. Eruku ló fa ìlà. Ṣé bákan náà ni ti nẹ́gátíìfù aláwọ̀?

Ìyá Darkroom:
Ìdánwò kan náà ni. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà ti fọ fàdákà kúrò nínú ìyẹn, àwọ̀ nìkan ló kù, ICE á ṣiṣẹ́. Inú òjìji tí ìmọ́lẹ̀ ò ti tó nígbà tí wọ́n yà á ni hóró rẹ̀ ti máa ń le jù.