Mo pààrọ̀ CPU, kọ̀ǹpútà ò gbé àwòrán wá mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 2600 ni kọ̀ǹpútà mi ń lò lórí motherboard B450 (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́), pẹ̀lú RAM (ibi ìrántí rẹ̀) 8 GB méjì. Kò yọ mí lẹ́nu rí, àmọ́ fídíò tí mo ń tò fún àwọn oníbàárà ti wúwo jù fún un, ni mo bá ra Ryzen 5 5600. Mo tú ti àtijọ́, mo nu thermal paste (ìpara tó wà láàárín CPU àti irin tó ń mú un tutù) tó ti gbẹ, mo fi tuntun sí i, mo sì dè é pa dà. Bí mo ṣe tan án, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú monitor ṣókùnkùn biribiri. Kíbọ́ọ̀dù gan-an ò tanná. Iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ọmọ ẹgbẹ́ kìíní: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ibo lẹ ki wáyà monitor bọ̀? Nínú CPU méjèèjì yẹn, kò sí èyí tó lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. Ara graphics card (ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde) ni wáyà gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ihò HDMI tó wà lára motherboard. Ẹ tún fọwọ́ tẹ wáyà iná tó wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ CPU, ó máa ń yọ díẹ̀ tí èèyàn bá ń fi ọwọ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé. Ara graphics card ló wà, wáyà iná náà sì le dáadáa. Mo rí i pé iná pupa kékeré kan ń tàn níbi tí wọ́n kọ "CPU" sí lórí board.

Ọmọ ẹgbẹ́ kejì: Power supply (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) yín ló kéré. Ẹ ra èyí tó tóbi.

Ọmọ ẹgbẹ́ kẹta: Ẹ má tíì náwó kankan o. 65 W (ìwọ̀n iná tó ń lò) ni wọ́n kọ sára 2600, 65 W náà ni ti 5600. Iná tó gbé èyí àkọ́kọ́ á gbé ìkejì.

BIOS, ètò inú board tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé, ni mo fura sí. Ọdún 2018 ni B450 jáde, ọdún 2022 ni 5600 dé. Tí BIOS inú board yín bá ti pẹ́, kò mọ CPU yìí rárá, iná pupa yẹn sì bá a mu. Ẹ dá 2600 pa dà síbẹ̀. Tó bá tan, a jẹ́ pé board yín ò kú. Ẹ wọ inú BIOS, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, kí ẹ wá lọ sí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe board náà. Wọ́n ní àkójọ àwọn CPU tí board kọ̀ọ̀kan gbà, pẹ̀lú BIOS tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Orúkọ board yín gan-an ni kí ẹ wá, títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn, torí B450 pọ̀ lóríṣiríṣi. Ẹ ka àlàyé abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: àwọn kan ń fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi BIOS àárín sí i kí ẹ tó fi tuntun. Flash drive tí ẹ bá gbé e sí, FAT32 (irú ètò ìtọ́jú fáìlì kan) ni kí ó jẹ́. Iná ò gbọdọ̀ lọ nígbà tó bá ń ṣe é lọ́wọ́.

Tí ẹ bá tún fẹ́ yọ 2600, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí paste rọ̀, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ wá rọra yí heatsink (irin tó ń mú CPU tutù) sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e. Ẹni tó bá fà á sókè gbùà lè fa CPU yọ mọ́ ọn, ara CPU sì ni àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ yẹn wà. Tí wọ́n bá tẹ̀, wàhálà ni.

Ọmọ ẹgbẹ́ kẹrin: Àfikún tèmi: kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS, ẹ wò ó bóyá BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti fáìlì pa, wà lórí Windows yín. Tó bá wà, ẹ dá a dúró ná, kí ẹ sì kọ recovery key rẹ̀ (nọ́ńbà tí a fi ń ṣí i) síbòmíràn. Mo ti rí ẹni tí fáìlì rẹ̀ há sínú díìsìkì báyìí.

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, ó tan pẹ̀lú 2600! BIOS àtijọ́ pátápátá ló wà níbẹ̀. Mo ti fi tuntun sí i, mo dá 5600 pa dà, àwòrán sì dé. Àmọ́ ó kọ ọ́ pé òun rí CPU tuntun, ó sọ̀rọ̀ fTPM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ bíi ti BitLocker sí), ó ní kí n tẹ Y tàbí N. N kò tíì tẹ nǹkankan. Recovery key wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ ẹgbẹ́ kẹrin: Níwọ̀n ìgbà tí key wà lọ́wọ́, ẹ tẹ Y, kí fTPM bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹni tí kò bá ní in ni kó tẹ N, kó dá CPU àtijọ́ pa dà kó lọ wá a.

Olùbéèrè: Windows ti wọlé, kò tilẹ̀ béèrè key. RAM mi ló wá ń sáré ní 2133, 3200 ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ kẹta: BIOS tuntun ló nu ètò àtẹ̀yìnwá. Ẹ pa dà sínú rẹ̀, ẹ tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀), ẹ fi pamọ́, ẹ jáde. Tó bá ń kú, tó sì ń tún ara rẹ̀ tàn, ẹ fi sílẹ̀ kó gbìyànjú díẹ̀, RAM ló ń dán wò.

Olùbéèrè: 3200 ló wà báyìí. Fídíò ti ń jáde lọ́wọ́. Ẹ ṣeun púpọ̀, mo dúpẹ́.