Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ló ti dójú tì yín rí?

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ìwé ni mò ń bá èèyàn tẹ̀ ní Garki, l'Ábùjá. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, bàbá kan tó ń kó bébà àti bírò lọ fáwọn ọ́fíìsì ní kí n tẹ ìwé iye owó ọjà òun. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè: "Supply of Office Stationary". Kọ̀ǹpútà ò fa ìlà pupa sí i, torí ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ ohun tó dúró sójú kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti bébà àti bírò, "stationery" ni, e ló wà níbẹ̀. Wọ́n dá ìwé náà padà. Bàbá ò pariwo. Ó gbé e sórí tábìlì mi, ó ní, "Ọmọ mi, wò ó, e ni." Ìtìjú yẹn ká mi lára gan-an. Mo tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Látọjọ́ náà, e tó bẹ̀rẹ̀ "envelope" ni mo fi ń rántí rẹ̀.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé orírun kan náà ni méjèèjì ní. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, òǹtàwé tó ní ìsọ̀ tó dúró sójú kan, tí kì í kiri, ni wọ́n ń pè ní "stationer".

Èyí tó ń dà wá láàmú jù ni "live" àti "leave". Ohùn i kan la fi ń pe méjèèjì, nítorí náà mo ti rí "annual live" nínú ìwé àwọn tó kàwé jù mí lọ. Ẹ má fi etí kọ ọ́ o, ojú ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́.

Láti Kaduna:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tíṣà ni mí. Nínú àpèkọ, àwọn ọmọ tiwa á kọ "tank you", àwọn ọmọ Hausa kan á kọ "pather" fún "father", torí p àti f máa ń gba ipò ara wọn lẹ́nu wọn. Ohùn ilé ló bá wọn dé iléèwé. Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá na ọmọ nítorí ìyẹn. Ọmọ kan bi mí pé kí ni b ń wá nínú "debt". Mo ní "dette" ni wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ló ki b bọ̀ ọ́ kó lè jọ "debitum" ti èdè Látìn. Ó ní, "Ṣé wọ́n wá ń pè é ni?" Mo ní rárá.

Láti Minna:
Èmi kọ̀wé wáṣẹ́ tíṣà, mo kọ "Dear Principle" sí ọ̀gá iléèwé. "Principal" ló yẹ kó jẹ́. Ìlànà téèyàn ń tẹ̀ lé ni èyí tí mo kọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rí i. Ìwé mẹ́fà ló ti lọ kó tó rí i.