Ẹ wá sọ ìrírí yín: kí ni ọ̀gá yín ń ṣe kí gbájúẹ̀ má baà rí yín mú?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni mò ń darí, irin àti sìmẹ́ǹtì là ń tà. Ṣàṣà lọ́jọ́ tí ímeèlì gbájúẹ̀ kì í wọlé. Ẹ̀yin tí ọ̀gá yín mọ bí wọ́n ṣe ń dènà irú èyí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? Ohun tí ojú yín rí ni mo fẹ́ gbọ́.

Akáǹtì, Ìkẹjà

Èmi ni mò ń mójú tó owó sísan nílé-iṣẹ́ wa. Lọ́jọ́ tí Alhaja, ọ̀gá wa, kó gbogbo wa jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀rù mi tó ń bà yín ni gbájúẹ̀ máa fi mú wa." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ta ló fẹ́ bi ọ̀gá pé ṣé ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ yìí lóòótọ́? Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé "Sanwó yìí kíá, ìpàdé ni mo wà, má pè mí," ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé á san án ni.

Ni wọ́n bá ṣòfin: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí nọ́ńbà àkáǹtì ẹni tó ń kó ọjà fún wa padà, àfi tó bá pe onítọ̀hún lórí nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ wa látẹ̀yìnwá. Èyí tí wọ́n kọ sínú ímeèlì ò kà. Tó bá jẹ́ owó ńlá, ẹni méjì ló máa fọwọ́ sí i. Alhaja fúnra wọn wà lábẹ́ òfin náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ímeèlì dé bí ẹni pé ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan tí a ti ń bá ṣe tipẹ́ ló ti wá, pé àwọn ti pààrọ̀ bánkì. Ìnfọ́ìsì wà níbẹ̀, iye owó bá ọjà tó ń bọ̀ mu géérégé. Àdírẹ́sì rẹ̀ nìkan ló ní àbùkù: níbi tó yẹ kí m wà, r àti n ni wọ́n kọ mọ́ra. Lójú fóònù, m lẹ máa kà á. Kò pẹ́, WhatsApp tó gbé àwòrán Alhaja wọlé: "Ẹ tètè san án." Ọmọkùnrin tó wà nídìí owó, tí kò tíì pẹ́ tó parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, pe Alhaja. Òde ìgbéyàwó ni wọ́n wà, ìlù ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ó pè, ó tún pè, títí wọ́n fi gbé e. "Mi ò kọ nǹkan kan o! Má san kọ́bọ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n mú un dìde níwájú gbogbo wa, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún un. Lójú tèmi, ọpẹ́ yẹn ń ṣọ́ wa ju gbogbo sọ́fítíwíà tí a rà lọ, torí láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń tijú àtipe ọ̀gá.

Oníkọ̀ǹpútà, Àpápá

Ẹ ṣeun, Akáǹtì. Níbi tiwa, ẹ̀dà fáìlì ni ọ̀gá wa gbájú mọ́. Ìtàn Maersk, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù kárí ayé, ló ta wọ́n jí. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹfà, 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní NotPetya bẹ̀rẹ̀ láti Ukraine, ó sì gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì Maersk já. Àwọn sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà, tó ń dá òṣìṣẹ́ wọn mọ̀, tó sì ń ṣílẹ̀kùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún wọn, bàjẹ́ kárí ayé, àfi ẹyọ kan ní Gánà. Iná ló lọ níbẹ̀ kí kòkòrò tó dé! Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà tò, àmọ́ àwọn tó wà ní Gánà ò ní físà ibẹ̀, ni ẹnì kan bá gbé háàdì díráìfù sáfà yẹn wá sí pápákọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ẹlòmíràn gbà á níbẹ̀, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Sáfà 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000 ni wọ́n tún tò láàárín ọjọ́ 10.

Ìbéèrè ọ̀gá wa ni pé, "Bí iná ò bá wá lọ ńkọ́?" Láti ìgbà náà, ẹ̀dà kan wà tí a kì í fi sílẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Wọ́n á jókòó tì wá, wọ́n á máa wo aago, kí a fi ẹ̀dà yẹn gbé iṣẹ́ dìde lórí kọ̀ǹpútà òfìfo. Nígbà àkọ́kọ́, fáìlì owó oṣù kọ̀, kò ṣí. Ó sàn kó kọ̀ lójú ọ̀gá ju kó kọ̀ lọ́jọ́ tí olè bá dé!

Nọ́ńbà bánkì àti ti Nigeria Data Protection Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò àṣírí aráàlú, wà lára ògiri, lórí pépà, torí òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 fún wa ní wákàtí 72 péré láti fi tó àjọ náà létí bí àṣírí oníbàárà bá tú lọ́nà tó lè pa oníbàárà lára.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Akáǹtì, èmi àti ìyàwó mi la jọ ń tọ́jú owó. Ṣé àwa méjèèjì tó ẹni méjì tó ń fọwọ́ sí i yẹn?

Akáǹtì, Ìkẹjà

Ó tó, sà. Àmọ́ kí kálukú lo fóònù tiẹ̀, kí ẹ má sì mọ PIN ara yín. Ẹ ní kí bánkì so ìfọwọ́sí kejì mọ́ nọ́ńbà fóònù ìyàwó yín.