Kí ni mo lè fi gbé kọ́bọ́ọ̀dù ró lára ògiri tó ní fóòmù nínú?

Ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó máa ń pa ògiri ilé ìdáná wa, a lẹ fóòmù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 mọ́ búlọ́ọ̀kù láti inú, a sì fi pátákó POP bò ó. Ooru dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù tí káfíńtà fi síkúrù kúkúrú kọ́ síbẹ̀ (n kò sọ fún un pé fóòmù wà lẹ́yìn) ti ń yọ. Ihò síkúrù ti fẹ̀ tó ìka, eruku funfun sì ń dà sórí sítóòfù. Ṣé kí n lo síkúrù gígùn àti físà (ike kékeré tí a ń kì bọ ihò ògiri kí síkúrù lè dúró) tí yóò wọ inú búlọ́ọ̀kù ni, àbí kí n gé fóòmù, kí n fi igi líle dípò rẹ̀? Fóòmù kì í gbé ẹrù, mo sì ń bẹ̀rù pé síkúrù gígùn lè tẹ̀.