Báwo ni ẹ ṣe ń wọn ìnira ẹni tó máa ń dákú léraléra?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà níbí. Ṣàgámù ni mo wà, mo ń ṣèwádìí lórí àwọn tó máa ń dákú lemọ́lemọ́. EQ-5D, ìwé ìbéèrè kan nípa bí ìlera ẹni ṣe rí, ni wọ́n ní kí n lò. Ohun tó ń béèrè ni: rírìn, ìtọ́jú ara, iṣẹ́ òòjọ́, ìrora, àníyàn. Ó dáa, àmọ́ ti òní nìkan ló ń béèrè. Ẹni tó dákú lọ́sẹ̀ tó kọjá lè máa rìn fàlàlà lónìí, kó ní kò sí wàhálà. Bẹ́ẹ̀, ìyá kan tó ń ta gààrí ò gun ọ̀kadà mọ́, kì í ti ilẹ̀kùn báluwẹ̀ tó bá ń wẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ti sọ ọ́ di alárùn wárápá. (Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún ju ìṣubú lọ.) Ibo ni n ó kọ ọ́ sí?

SF-36, ìwé ìbéèrè mìíràn bẹ́ẹ̀, ń wo ọ̀sẹ̀ 4 sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìbéèrè 36 ti pọ̀ jù fún àgbàlagbà. Ṣé ẹnì kan ti lo Syncope Functional Status Questionnaire, tí wọ́n dìídì ṣe fún dídákú, lédè Yorùbá? Àbí kí n kàn fi ìbéèrè díẹ̀ kún EQ-5D, kí n sì kọ́kọ́ dán an wò lẹ́nu àwọn ará Rẹ́mọ?